Alágẹmọ àti Obì Tó Padà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun yó ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn ló dára. Ààlọ́ mi yọ ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó tún yọ ọ́, ó wá rọra bà lé Alágẹmọ, ọ̀gá eléré. Oyèlàkin, sún mọ́ àbúrò rẹ kí Fadérera lè ráyè jókòó. Orin wà nínú ààlọ́ yìí o. Bí mo bá lé e, kí ẹ gbè é. Ẹni tí kò bá gbè é, òun ni yóò fọ àwo tí a fi jẹun. Ègbè yín ni "Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́." Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́!

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹranko ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, Alágẹmọ ń gbé ní ìlú Ìdí-Àràbà. Kò ga. Kò sanra. Kò lágbára. Ṣùgbọ́n eré ń bẹ lára rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ti kú fi ẹ̀wù eré kan sílẹ̀ fún un, ẹ̀wù aláràbarà tó ń pa àwọ̀ dà. Bí Alágẹmọ bá gbé e wọ̀, tó ní òun ni Ẹfọ̀n, ẹ̀wù á dúdú, ojú rẹ̀ á le, àwọn ọmọdé á sá sẹ́yìn ìyá wọn. Bí ó bá ní òun ni ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹ̀wù á pọ́n bí osùn, á máa sun ẹkún ìyàwó, àwọn obìnrin ilé á máa fi etí aṣọ nu ojú. Bí ó bá wá ní òun ni Àgbò tó mu ẹmu yó, háà, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹ ò ní gbọ́ ìyókù.

Ìlú náà ní àṣà kan. Ẹni tó bá fẹ́ pe eléré kì í fi ẹnu lásán pè é. Á fi ewé we obì, á fi rán Ọ̀kẹ́rẹ́, ìránṣẹ́ ìlú, pé kí ó lọ fi lé eléré lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Obì ìpè ni wọ́n ń pe obì náà. Obì ìpè kì í sùn sílẹ̀. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ kò bá bá eléré nílé, á gbé e padà, wọn á pe ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí Alágẹmọ fi ń gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí Ọ̀kẹ́rẹ́ lè mọ̀ pé eléré wà nílé. Bí ó bá ti gba obì, á máa jó lọ sójú agbo, á máa kọrin pé:

Iwájú ni mò ń lọ,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́.*
Ẹ̀yìn ni mò ń bọ̀,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́.*
Wọ́n pè mí, mo wá jó,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́.*
Wọ́n wò mí, mo mọ̀ ọ́n jó,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́.*

Ẹ fi orin yẹn sọ́kàn o. A ó padà bá a.

Nígbà tó yá, òjò dé. Gbogbo ìlú kó lọ sóko. Alágẹmọ kò bẹ̀rù, nítorí ìgbà òjò kì í ṣe ìgbà eré. Ó ní, "Bí iṣu tuntun bá jáde, wọn á pè mí." Iṣu tuntun jáde. Wọn ò pè é. Ó ní, "Bí ọkà bá wọlé, wọn á pè mí." Ọkà wọlé. Wọn ò pè é. Ó ní, "Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí ìgbéyàwó bá pọ̀, wọn á pè mí." Ẹ̀ẹ̀rùn mú, ìgbéyàwó pọ̀, Ọ̀bọ ni wọ́n ń pè.

Ọ̀bọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílùú ni. Ó ń tàkìtì, ó ń fi ìrù rọ̀ mọ́ igi, ó ń ju ẹ̀pà sókè, ó ń fi ẹnu hán an. Ọ̀bọ kò ṣẹ Alágẹmọ. Alágẹmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ojú ìlú kàn yà síbòmíràn ni. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò rí obì gbà, tí yóò gbọ́?

Lọ́jọ́ kan, Alágẹmọ ń lọ sódò. Ó pàdé Ẹtu. Ẹtu ní, "Alágẹmọ, ó tó ọjọ́ mẹ́ta! Ṣé o ṣì ń ṣeré?" Alágẹmọ na ọrùn, ó ní, "Mò ń ṣe é dáadáa!" Ó rìn síwájú, ó pàdé Ọ̀yà. Ọ̀yà ní, "Alágẹmọ, ṣé o ṣì ń ṣeré?" Ó ní, "À ń rọra ń ṣe é." Ó tún rìn síwájú, ó pàdé Àparò àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àparò ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wò ó, ẹni tó máa ń ṣeré láyé ọjọ́un nìyí!"

Láyé ọjọ́un! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Alágẹmọ ní akínyẹmí ara. Ó gbàgbé omi tó fẹ́ pọn, ó padà sílé.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì í. Bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà, á rò pé ẹni tó fẹ́ bi í léèrè ni. Bí ó bá wà lórí ewé, ẹ̀wù rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Bí ó bá wà nílẹ̀, á di àwọ̀ ilẹ̀. Bí ó bá wà lára ògiri, á di àwọ̀ ògiri. Ẹ̀wù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kí ayé lè máa wò ó, ó sọ ọ́ di ohun tó fi ń sá pamọ́ fáyé. Kò gbá ẹnu ọ̀nà mọ́. Koríko hù ú. Ewé gbígbẹ bò ó. Aláǹtakùn ta okùn sára ilẹ̀kùn. Alágẹmọ ń wí nínú ara rẹ̀ pé, "Bóyá n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe rí. Bóyá àánú mi ló ń ṣe wọ́n tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe èmi náà, ẹ̀yin ọmọ. Ebi ń pani, ṣùgbọ́n iyèméjì burú jù ú lọ.

Òkété, aládùúgbò rẹ̀, ti ń wo ẹ̀wù náà tipẹ́. Ìyàwó Òkété lóyún, Òkété ń wá ohun rírọ̀ tí yóò tẹ́ sínú ihò fún ọmọ. Ó gbé ọkọ́ kan dání wá. Ó ní, "Alágẹmọ, fún mi ní ẹ̀wù yìí, kí n fún ọ ní ọkọ́. Eré kì í kún agbọ̀n." Alágẹmọ ní, "Rárá o." Òkété lọ. Ó tún wá. Ó ní, "Ẹni tí a kò pè, kí ló ń fi ẹ̀wù eré ṣe?" Alágẹmọ ní, "Jẹ́ kí n rò ó." Òkété lọ. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó tẹ́wọ́.

Alágẹmọ ní, "Padà wá nírọ̀lẹ́. Màá bọ́ ọ fún ọ."

Ẹ̀wù tó bá wọ ihò òkété, ṣé ẹnikẹ́ni tún lè rí i wọ̀? Eyín òkété á sọ ọ́ di wẹ́lẹwẹ̀lẹ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Alágẹmọ jókòó lẹ́bàá ògiri, ó ti bọ́ apá ẹ̀wù kan. Ó gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀.

"Alágẹmọ ọmọ mi, aṣọ kí lò ń bọ́ nínú òtútù yìí?"

Ìyá Ìgbín ni. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú ni arúgbó náà ti fi itọ́ dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa lẹ́bàá ògiri Alágẹmọ. Alágẹmọ tilẹ̀ rò pé ó ti kú.

Ó ní, "Ìyá Ìgbín! Ẹ ṣì wà?"

"Níbo ni kí n lọ? Òjò kò rọ̀, mo jókòó sílé. Òjò rọ̀, mo jáde. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, kò sẹ́ni tó kí mi kú ìrìn. Ṣé mo wá di òkúta ni?"

Alágẹmọ bú sẹ́kún. Ó ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Wọn ò pè mí mọ́. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn, obì kan ṣoṣo kò dé ilé mi."

Ìyá Ìgbín ní, "Irọ́ ni."

"Háà, Ìyá!"

"Mo ní irọ́ ni. Obì dé ẹnu ọ̀nà yìí. Inú ìkarahun mi ni mo wà, etí mi kò sùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró síbí yìí. Ó pè ọ́: Alágẹmọ! Alágẹmọ! Alágẹmọ! O ò dáhùn. Ó ní, 'Koríko ti hu ẹnu ọ̀nà, okùn aláǹtakùn ti bo ilẹ̀kùn. Eléré ti kó lọ.' Ó gbé obì rẹ̀, ó padà."

Ara Alágẹmọ tutù wọlẹ̀. Ó rántí ọjọ́ náà. Ó rí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó tilẹ̀ rí ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò pé Ọ̀kẹ́rẹ́ náà wá bi í bóyá ó ṣì ń ṣeré ni. Ó fara mọ́ ògiri, ó di àwọ̀ ògiri, títí Ọ̀kẹ́rẹ́ fi lọ. Ẹ gbọ́ nǹkan o! Ohun tó ń wá wá bá a nílé, ó sá fún un.

Ìyá Ìgbín ní, "Kí wọ́n pè ọ́, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ. Kí wọ́n bá ọ nílé, ọwọ́ rẹ ló wà. Ṣé o ò gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń wí ni? Alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ Alágẹmọ. Dìde. Gbá ẹnu ọ̀nà. Kí o sì ṣeré."

"Fún ta ni, Ìyá?"

"Kì í ṣe fún èmi o, oúnjẹ ni mò ń wá lọ. Ṣe é fún ẹsẹ̀ rẹ, kí ó má baà gbàgbé."

Nígbà tí Òkété padà dé nírọ̀lẹ́, ọwọ̀ ló bá lọ́wọ́ Alágẹmọ. Alágẹmọ ní, "Òkété, o ṣeun tí o gbé ọkọ́ wá. Yá mi kí n fi ro koríko yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù mi ń bẹ lára mi." Òkété pòṣé, ó pòṣé títí. Ó ṣáà yá a.

Láti ọjọ́ kejì, Alágẹmọ ń gbá ẹnu ọ̀nà, ó ń wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń ṣeré níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó, òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wo àwọn ẹlòmíràn. Ó wo Ìyá Ìgbín bó ṣe ń gbé ilé rẹ̀ rìn. Tẹ́lẹ̀ rí, bí Alágẹmọ bá ṣe arúgbó, ẹ̀rín ló ń fi í pa. Ó wá rí i pé arúgbó kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí bí ẹsẹ̀ ṣe ń ronú kí ó tó tẹ ilẹ̀. Ó kọ́ ọ lónìí, ó kọ́ ọ lọ́la, òjò ń pa á, ó ń kọ́ ọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń rẹ̀wẹ̀sì. Á ṣeré bẹ́ẹ̀ náà. Orin rẹ̀ ti yí padà. Ẹ gbè é fún mi:

Iwájú ni mò ń lọ,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́.*
Ẹ̀yìn ni mò ń bọ̀,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́.*
Wọn ò pè mí, mò ń jó,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́.*
Wọn ò wò mí, mo mọ̀ ọ́n jó,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́.*

Ní ọdún náà, Erin tó jẹ́ ọba ìlú ti wàjà, ọmọ rẹ̀ ti gorí oyè. Ṣùgbọ́n Olorì Àgbà, ìyá ọba tuntun, kò sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ jẹun. Nígbà tí ọdún ìjẹṣu kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé iṣu tuntun síwájú rẹ̀, ó yí ojú kúrò. Ohun kan ṣoṣo ló sọ. Ó ní, "Ì bá ṣe pé mo tún lè rí ọkọ mi kí ó rìn wọlé lẹ́ẹ̀kan péré."

Ọba ránṣẹ́ pe Ọ̀bọ. Ọ̀bọ fi ewé kókò ṣe etí, ó fi okùn ṣe ọwọ́ ìjà Erin, ó fò sókè, ó tàkìtì. Olorì kò tilẹ̀ wò ó. Ọ̀bọ kì í ṣe onírọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, fífò ni mo mọ̀. N kò mọ bí a ṣe ń wúwo."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Kábíyèsí, mo ti rò pé Alágẹmọ kó lọ. Ṣùgbọ́n mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ń kọrin fún ara rẹ̀."

Ọba ní, "Gbé obì."

Alágẹmọ ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ dé. Ọkàn rẹ̀ ní kí ó fara mọ́ ògiri. Kò fara mọ́ ọn. Ó dúró sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba obì, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì sọ ohun tí Olorì Àgbà fẹ́ rí fún un.

Gbogbo ìlú pé sí ààfin. Àparò wà níbẹ̀. Òkété wà níbẹ̀. Alágẹmọ wọlé. Kò fi ewé ṣe etí. Kò fi okùn ṣe ohunkóhun. Ẹ̀wù rẹ̀ kàn di àwọ̀ eérú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó dá a dúró. Ó fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, Alágẹmọ kò wúwo tó ìdajì iṣu, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló dì mọ́ ìjókòó, wọ́n rò pé ilẹ̀ yóò mì.

Olorì Àgbà dìde. Ó ní, "Ọkọ mi nìyẹn. Bó ṣe máa ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn nìyẹn, nígbà tí orúnkún bá ń dùn ún, tí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀." Ó sunkún, ó sunkún, ó sunkún. Nígbà tó sun ún tán, ó nu ojú, ó ní, "Iṣu wo lẹ sè?"

Wọ́n ń pe Alágẹmọ títí ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e fi parí. Lẹ́yìn náà, òjò dé, ìpè tún dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kan, Àparò pàdé rẹ̀ lọ́nà odò. Ó ní, "Alágẹmọ, ṣé o ṣì ń ṣeré?" Alágẹmọ kò na ọrùn, kò sì di àwọ̀ ilẹ̀. Ó ní, "Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ báyìí." Ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Bí ẹ bá rí Alágẹmọ lórí ẹ̀ka, tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń gbé ẹsẹ̀ síwájú, tó ń fà á sẹ́yìn, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín pé kò mọ ibi tó ń lọ. Eré rẹ̀ ló ń kọ́.

Ohun tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé àìpè kò sọ eléré di ẹni tí kò mọ eré. Ẹni tó bá ní ẹ̀bùn, kí ó má ṣe bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí pé ojú ayé yà síbòmíràn. Kí ó gbá ẹnu ọ̀nà, kí ó máa ṣe é lọ, kí ìpè lè bá a nílé.

Oyèlàkin, n kò gbọ́ ègbè rẹ nínú orin kejì. Àwo ń dúró dè ọ́ o.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí: ẹnu ọ̀nà tí a ti gbá mọ́ ni ó já sí.