Iṣẹ́ tí Sàrùmí Rán Ògúndèyí

Ògúndèyí ni ó ń ṣọ́ túbú ọba nílùú Ìgbóyè. Ilé ọdẹ ni wọ́n ti bí i, kì í sì í gbàgbé orírun rẹ̀. Bí ó bá ń ti ìlẹ̀kùn lálẹ́, a máa kí àwọn tí ó ń tì í mọ́. Àwọn ènìyàn a máa fi í rẹ́rìn-ín.

"Ìlú ló ní kí n ṣọ́ wọn," ni yóò fèsì. "Ìlú kò ní kí n má kí wọn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kọ̀, wọn kò jáde lọ ro ọ̀nà ààfin. Inú bí Sàrùmí, ìjòyè tí túbú wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní Fádáìró, alágbẹ̀dẹ kan tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ó ṣá ẹnìkan lọ́gbẹ́ nídìí ààlà oko, ni ó kọ́ wọn ní oríkunkun.

"Kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀," ni ó wí fún Ògúndèyí. "Gbé e sójú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, títí yóò fi bẹ̀bẹ̀."

"Olóyè, irú èyí a máa pa ènìyàn."

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Iṣẹ́ ẹrú ni mo rán ọ. Ẹrú kì í rò ó wò."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ògúndèyí wọ eegun. Síbẹ̀ ó lọ. Ó kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí Fádáìró lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ti wí. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi odán tó wà nínú ọgbà túbú ni ó gbé e jókòó sí. Ó fún un lómi àti ẹ̀kọ, ó wá bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í: kí ló dé tí wọ́n kọ iṣẹ́?

"Irin ti bó ẹsẹ̀ àwọn méjì nínú wa," ni Fádáìró wí. "Wọn kò lè dìde, síbẹ̀ àwọn ìránṣẹ́ Sàrùmí ní àfi kí àwọn náà jáde. A ní bí wọn kò bá lọ, a kò lọ."

Ògúndèyí yẹ ẹsẹ̀ wọn wò, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó fi ewé dì wọ́n.

Ìletò tó jìnnà ni agboolé Fádáìró wà. Àṣẹ Sàrùmí ni wọ́n gbọ́, wọn kò gbọ́ ohun tí Ògúndèyí ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọkùnrin wọn yọ àdá, wọ́n kọrí sí ààfin láti wá gba òkú ọmọ wọn. Nígbà tí Sàrùmí rí wọn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ògúndèyí, ṣé ó ṣì wà láàyè?"

Ògúndèyí lọ tú Fádáìró, ó sì mú un jáde. Alágbẹ̀dẹ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn bàbá rẹ̀. Wọ́n ti àdá bọ inú àkọ̀.

Ọba bèèrè bí ọ̀rọ̀ ti jẹ́. Ògúndèyí dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, wọ́n ní kí n dè é, mo dè é. Èyí tó kù, bí mo bá ṣe é, n kò ní lè wọ ilé baba mi mọ́."

Ọba ní kí ó dìde. "Sàrùmí rán ọ bí ẹni rán ẹrú," ni ó wí, "o lọ bí ọmọ, o sì gba ìlú lọ́wọ́ ogun."

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bọ́ irin lẹ́sẹ̀ àwọn tó fara pa. Fádáìró padà sí túbú lọ parí ọjọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, àwọn tí ara wọ́n le sì ro ọ̀nà ààfin. Ògúndèyí gba àárín ọjà lọ sílé, àwọn ìyá àgbà ń ki oríkì ilé ọdẹ tẹ̀ lé e.

Ohun tí ojú àwọn àgbà Ìgbóyè rí nìyẹn, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.