Àtẹ́lẹwọ́ Aró ní Ìdó-Ẹlú

Iná ni ọ̀tá tó bá Ìdó-Ẹlú jà jù lọ nígbà ìwáṣẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí koríko orí ilé gbẹ, ẹyín iná kan ṣoṣo tó láti jó odindi agbo ilé. Ṣùgbọ́n òfin tí àwọn ará ìlú fọwọ́ ara wọn ṣe burú ju iná lọ. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Bí iná bá ń jó ní Òkè-Apáta, ará Ìsàlẹ̀-Odò kò gbọdọ̀ kọjá ààlà, nítorí àwọn kan ti wá bá wọn pa iná rí, wọ́n sì palẹ̀ ẹrù onílé mọ́. Láti ìgbà náà, bí iná bá ti sọ, àwọn géńdé á yọ àdá, wọ́n á dúró sí ààlà. Wọ́n ń ṣọ́ ẹrù, ilé ń jó.

Ìsàlẹ̀-Odò ni Ẹfúndùnkẹ́ ń gbé, Àníkẹ́ ọmọ aláró, arẹṣọ-má-tàbùkù, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú ju ojú rẹ̀ lọ. Ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Èétirí tí aṣọ fi ń jáde nínú ìkòkò aró bí ewé tútù, tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i tán, kó wá dúdú? Èétirí tí a fi ń jọ jẹun níbi òkú àgbà, tí a kì í jọ pa iná? Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Èétirí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èéfín rú ní Òkè-Apáta, ní agbo ilé tí Àṣàbí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúndùnkẹ́ bí, ti ń tọ́ ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ìyá gbé omi, ó sáré, àwọn obìnrin aláró sì tẹ̀ lé e. Olóyè Olúgbọ́dé, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ Òkè-Apáta, na àdá dí wọn lọ́nà ní ààlà.

"Ìyá Èétirí, ẹ padà o! Ta ló mọ èyí tó jẹ́ olè nínú yín?"

Inú bí Ẹfúndùnkẹ́, ẹ̀rù sì bà á dé egungun. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lójijì ló ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ìkòkò aró kan wá láti ibi ìrẹṣọ wọn tó wà nítòsí ààlà. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́.

"Olúgbọ́dé, ọmọ mi, wò ó. Ohun tí mo bá fọwọ́ kàn nílé onílé, àmì ọwọ́ mi á wà lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá máa kọjá, kó kọ́kọ́ kiwọ́ bọ aró. Bí ẹrù bá sọnù, ẹ tú ilé wa. Èyí tí ẹ bá bá àmì lára rẹ̀, ẹ mú wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá jóná, ta ni kí èmi mú?"

Olúgbọ́dé ju àdá sílẹ̀, òun gan-an sì kiwọ́ bọ ìkòkò. Ni gbogbo wọn bá ya lọ síbi iná, tí àdúgbò méjèèjì ń na omi sí ara wọn lọ́wọ́. Ẹfúndùnkẹ́ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde, Àṣàbí ń wúkọ́ tẹ̀ lé e.

Nígbà tí iná kú tán, tí ilẹ̀ sì mọ́, wọ́n yẹ ẹrù wò. Àmì ọwọ́ aró wà lára àpótí, ó wà lára odó, gbogbo rẹ̀ sì wà nílé ẹni tó ni ín. Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ aró gbé kọjá ààlà ni ìkókó náà, tí aṣọ funfun rẹ̀ kún fún ìka ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ dá ẹrù wa padà o," ni Olúgbọ́dé wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Orí ààlà náà ni wọ́n kọ́ ilé ìpàdé sí. Lónìí, Ìdó-Ẹlú ti di ìlú ńlá, ẹgbẹ́ ibẹ̀ sì pọ̀: àwọn kan ń kó gọ́tà, àwọn kan ń tọ́jú arúgbó, àwọn kan ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Kò sí ẹni tó ń wọ ẹgbẹ́ láìkọ́kọ́ kiwọ́ bọ aró kó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìpàdé náà. Bí wọ́n bá ń kun ilé, akunlé a máa yẹ̀ fún àwọn àmì ọwọ́ náà. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí kò ju ewé ẹ̀fọ́ lọ. Ọwọ́ ọmọ Àṣàbí ni, tí ìyá àgbà tẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ilé náà tán. Bí àlejò bá rí i tó sì bèèrè pé èétirí, wọ́n á kọ́kọ́ gbé àga fún un kó jókòó.