Iyọ̀ Kò Mọ Ẹni Ńlá

Ilé oúnjẹ tó ń dán yinrin, tí orin ń dún níbẹ̀ kíkankíkan, ni Bọ́látitò yàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àmọ́ iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Wọ́n ń gbé e mì tipátipá, àfi Ṣubúọlá tó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Má dójú tì wá," Bọ́látitò sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àwọn ẹni ńlá ló ń jẹun níbí."

"Ṣé ahọ́n mi mọ ẹni ńlá ni? A kì í fi ọlá jẹ iyọ̀!"

Ó ní kí wọ́n pe alásè. Alásè dé, ó fajú ro, ó ní bí wọ́n ṣe ń sè é lókè òkun nìyẹn.

Ṣubúọlá na ṣíbí sí i. "Ẹ tọ́ ọ wò, sà."

Ó tọ́ ọ wò. Ó nawọ́ gán ife omi Bọ́látitò, ó gbé e mu láìtọrọ.