Igbó Tí Wọ́n Gbá Bí Ojúde

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, iṣẹ́ rere pàápàá kò sì yọ sílẹ̀.

Láti ìgbà tí ìdọ̀tí ti lé àwọn ẹyẹ kúrò nínú igbó ọba tó wà lẹ́yìn ìlú ni ọkàn Ìyá Morẹ́nikẹ́ ti ń fà sí igbe ẹtù. Igbe náà ló máa ń jí i nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó, ó sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kú. Ló bá kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ, kí wọ́n tún igbó náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n ṣa gbogbo ọ̀rá àti ike kúrò. Bí wọ́n ti parí, Ìyá fa ìgbálẹ̀ yọ.

"Ìyá, ewé gbígbẹ nìkan ló kù," ni Àwẹ̀ró, ìyàwó kékeré kan, wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ọ̀lẹ! Ṣé bó o ṣe ń gbá ojúde ọkọ rẹ nìyẹn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Àwẹ̀ró, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbá ewé náà jọ, wọ́n dáná sun ún, ilẹ̀ igbó sì mọ́ tónítóní.

Nígbà tó yá, ẹtù dé lóòótọ́. Ìyá fara pamọ́ sẹ́yìn igi, ó ń wò wọ́n. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, wọ́n ń wá kòkòrò tó máa ń gbé abẹ́ ewé. Wọn kò rí ẹyọ kan. Wọ́n fò lọ láìké rárá.

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá ń wí tẹkúntẹkún, "ẹ̀yin ni mo gbálẹ̀ dè."