Awọ Òde Ọmọ́nlé

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Ara ògiri yìí ló ti sọ̀ kalẹ̀, ó dá lé Ọmọ́nlé lórí. Ìbídùn, ìwọ tí o fi gbogbo aṣọ bora yẹn, má tíì sùn o.

Ní ìgbà kan rí, Ìyá Òjòlá ló ń tún awọ ṣe fún gbogbo ẹranko afàyàfà. Awọ kan ṣoṣo ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá gba tuntun, wàá dá ògbólógbòó rẹ padà. Ìyá á rẹ ẹ́ sódò, á tún un ṣe fún ẹni tó kàn. Báyìí ni kò fi sí ẹni tó ń rìn níhòòhò.

Ó wá kan Ọmọ́nlé. Ekòló ló tẹ̀ lé e. Awọ Ekòló ti ya, ọyẹ́ sì ti ń bọ̀.

"Ọmọ́nlé, àbúrò mi," ni Ekòló wí, "jọ̀ọ́, má pẹ́ kí o tó dá tìrẹ padà. Òtútù ń mú mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọmọ́nlé sọ fún Ìyá Òjòlá pé ojú ń ti òun láti bọ́ra níta. Ó gbé awọ tuntun lọ sílé. Awọ náà ń dán. Ó wò ó títí.

Ó ní, "Èyí á jẹ́ awọ òde. Ti ara mi yìí á jẹ́ ti ilé. Ta ló ní èmi ò lè ní méjì?"

Ó bá wọ tuntun lé ògbólógbòó lórí. Ó padà sọ́dọ̀ Ìyá, ó ń sunkún èké.

"Ìyá, mo sá ògbólógbòó náà sóòrùn, afẹ́fẹ́ gbé e lọ."

Gbogbo wọn bá tú jáde, wọ́n ń wá awọ kiri. Ekòló tó ń gbọ̀n náà ń wá a. Ọmọ́nlé alára ń wo abẹ́ ewé, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Oòrùn mú. Awọ méjì há mọ́ ọn lára, kò lè mí dáadáa. Ni tòkè bá là lọ́rùn.

Alángbá bi í pé, "Ọmọ́nlé, kí ló ń ṣí lọ́rùn rẹ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ìbẹ̀rù mú un. Ó fa awọ tuntun náà ya, ó gbé e mì. Ògbólógbòó tó ti ṣá ló kù sí i lára.

Ìyá Òjòlá wò ó. Kò pariwo. "Awọ kan ṣoṣo tó ń yí kárí, tí Ekòló ń dúró dè, lo gbé mì yẹn," ni ó wí. "Iṣẹ́ mi parí. Láti òní lọ, kí oníkálukú máa hu awọ tirẹ̀ lábẹ́ èyí tó wọ̀."

Awọ ti Ekòló ti ya tán, kò ní èyí tó lè hu tuntun lábẹ́ rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Ó wọ inú ilẹ̀ tútù lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní.

Ìdí nìyí tí ejò fi ń fi awọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí gbogbo ayé lè rí i pé òun kò fi nǹkan pamọ́. Ṣùgbọ́n bí ti Ọmọ́nlé bá bọ́, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń bi í mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ohun tó yẹ kó yí kárí bá dé ọwọ́ yín, ẹ rántí ẹni tó kàn lẹ́yìn yín.

Ìbídùn, o ṣì ń gbọ́? Fa aṣọ yẹn kan àbúrò rẹ.