Ìgò Alága àti Páálí Aránṣọ

Ọkùnrin kan wà tí ó fẹ́ràn wáìnì olówó pọ́ọ́kú. Kì í ṣe pé kò mọ èyí tí ó dára jù ú lọ. Aránṣọ ni. Ó ti rán kóòtù fún àwọn ènìyàn pàtàkì, wọ́n sì ti bu wáìnì gidi fún un níbi tí ó ti ń wọn èjìká wọn. Ó mu ún, ó dúpẹ́, ó padà sílé lọ mu tirẹ̀. Inú páálí ni tirẹ̀ máa ń wà. Àwọn tí ó ṣe é ya àwòrán èso àjàrà kan ṣoṣo sí ara páálí náà, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Èyí tí kò bá mu tán, inú ọbẹ̀ ni ó ń dà á sí. Ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Bí àkùkọ bá dàgbà débi pé ọ̀bẹ ń bẹ̀rù rẹ̀, wáìnì páálí ni kí o dà lé e lórí, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata. Bo ìkòkò, kí o lọ jókòó. Nígbà tí o bá fi máa padà dé, àkùkọ á ti gba ìmọ̀ràn.

Ọkùnrin yìí wà nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà kan. Oṣooṣù ni wọ́n ń jẹun nílé ọ̀kan nínú wọn. Láti ọjọ́ tí ìyàwó aránṣọ ti kú, oúnjẹ ẹgbẹ́ yìí nìkan ni ó ń jẹ tí ẹlòmíràn fi ń bá a na ọwọ́ sí àwo. Ní ọjọ́ yòókù, òun àti ògiri ni. Ògiri kì í jà sí ẹran, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dá àpárá.

Ẹgbẹ́ náà ní òfin kan. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ọmọ Alága fi ìgò wáìnì kan ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ìgò náà dúdú, ó wúwo, wọ́n fi wúrà kọ nǹkan sí i lára tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi lélẹ̀ pé irú wáìnì yìí nìkan ni ó gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì ẹgbẹ́. Alága á dìde, á gbé ìgò náà sókè, á ki í bí ẹni ń ki ọba, gbogbo ènìyàn á ṣí fìlà. Bí ó bá ń ki ìgò lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá sì gbé ohun yẹpẹrẹ sórí tábìlì, wọn á yọ ọ́ lẹ́gbẹ́.

Ó wá kan aránṣọ láti gbàlejò. Ìyàwó Akápò ẹgbẹ́ wá bá a nílé, ó gbé agbọ̀n kan lọ́wọ́, ó fi aṣọ bò ó. Ó tú aṣọ náà, ìgò Alága ni ó wà níbẹ̀. Aránṣọ gbé e, ó fúyẹ́.

"Òfìfo ni," ni ó wí.

"Òfìfo ni ó máa ń jẹ́, Bàbá," ni obìnrin náà dáhùn. "Láti ilé ìdáná dé ilé ìdáná ni ó ń rìn. Àwa ìyàwó ni à ń gbé e fún ara wa. Ìyá kò sí mọ́, ni mo ṣe ní kí n gbé e fún yín fúnra yín."

Aránṣọ béèrè ohun tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀. Obìnrin náà kàn wo páálí tí ó wà lórí tábìlì. Aránṣọ tún béèrè bóyá ìyàwó òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Obìnrin náà ní Ìyá gan-an ni ó kọ́ àwọn yòókù, inú páálí aránṣọ yìí ni ó sì ti ń bù ú.

Aránṣọ jókòó. Ó rántí ọjọ́ tí Alága ki wáìnì ilé òun títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti yangàn lọ́jọ́ náà, ó ń wí lọ́kàn pé ibo ni ìyàwó òun ti rí irú wáìnì báyìí rà.

"Ó bo àṣírí mi," ni ó wí. "N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ní àṣírí."

Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣáà rọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá yọ ọ́, ta ni yóò máa bá jẹun? Aránṣọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ó padà wọlé, ó fọ ìgò náà, ó sì gbé e sóòrùn kí ó gbẹ. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa rẹ̀ ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó da epo náà sínú ìgò, ó fi ìdérí dí i, ó gbé e sórí pẹpẹ ilé ìdáná. Ìgò tí ó dára ni. Kò jò rárá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó gún iyán, ó se àgbà àkùkọ, ó sì gbé páálí wáìnì sí àárín tábìlì, ó dojú àjàrà rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ẹgbẹ́ wọlé. Wọ́n kí i, wọ́n fi ojú kí páálí, wọ́n sì jókòó bí ẹni tí ó wá wo aláìsàn.

Alága kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ni ó ti da orí ọkùnrin yìí rú, ó sì fẹ́ bò ó láṣìírí. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó rí ìgò lórí pẹpẹ, ó sì gbé e jáde bí ẹni tí ó rí ọmọ tí ó sọnù. Aránṣọ ya ẹnu láti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Alága ti gbé ìgò sókè, òfin sì ni òfin. Aránṣọ jẹ́ ẹni tí ó ń pa òfin mọ́. Ó pa ẹnu dé, ó ṣí fìlà.

Alága ki ìgò náà. Ó ki ìwúwo rẹ̀, ó ki ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní irú wáìnì báyìí kì í kánjú. Ó ní láti ìta ìgò ni òun ti mọ̀ pé èyí gbó ju ti oṣù tí ó kọjá lọ. Lẹ́yìn náà ó ṣí i, ó sì dà á sínú ife.

Lóòótọ́, kò kánjú. Ó rọra ń bọ̀, ó pupa, ó ki.

"Epo ni," ni aránṣọ wí. "Ẹ rọra, Alága. Mo fẹ́ fi se ẹ̀wà lọ́la."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Alága jókòó, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní aránṣọ ti fi ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti sọ ìgò iyì di ìgò epo, ó sì gbé páálí síwájú àwọn àgbà.

"Ẹ lè yọ mí," ni aránṣọ wí. "Ẹnu mi ni mo fi ń mu wáìnì, n kò fi ojú yín mu ún. Èyí ni mo ń mu, èyí ni mo fi se ọbẹ̀, èyí sì ni ó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹun kí ẹ tó yọ mí. Àkùkọ kò sí nínú ẹgbẹ́."

Ó ṣí ìkòkò. Òórùn ọbẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn kí àwo tó dé. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, nítorí kíki ìgò ti pẹ́ jù. Alága náà jẹ. Ó gé òkèlè kan, ó gé òmíràn, ó wá rántí ìbínú rẹ̀. Ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kí a yọ aránṣọ na ọwọ́ ọ̀tún sókè.

Aránṣọ dúró, ó di apá ìdérí ìkòkò mú, ó ń wo ọwọ́ wọn. Ní ìlú yẹn, àgbà kì í na ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ sí ojú àgbà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ na ọwọ́ òsì. Abọ́ omi ìfọwọ́ wà lórí tábìlì. Kò sí ẹni tí ó fà á mọ́ra.

"Alága," ni Akápò wí, "ọwọ́ wa wà nínú ọbẹ̀."

Alága wo ọwọ́ tirẹ̀. Ó wà níbẹ̀ náà. Ó ti ife epo sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọwọ́ òsì fa ife mìíràn, ó sì sún un lọ sí ẹ̀gbẹ́ páálí. Kò ki nǹkan kan. Aránṣọ bu wáìnì fún un. Ó mu ún, ó ní ó jọ èyí tí àwọn ti ń mu láti ọjọ́ yìí.

Aránṣọ ní òun kò mọ̀ nípa ìyẹn. Ó bu ẹran kún àwo rẹ̀.

Wọn kò tíì dìbò náà títí di òní. Oṣooṣù ni wọ́n ń sún un síwájú títí wọn yóò fi jẹun tán, bí wọ́n bá sì ti jẹun tán, oorun ni.

Ìwọ tí o ń gbọ́ ìtàn yìí, mo mọ̀ pé ìgò kan wà nílé rẹ. Ó lè má jẹ́ ìgò. Ó lè jẹ́ èdè tí o ń fọ̀ bí àlejò bá wọlé, tàbí ilé tí o ń júwe fún àwọn tí kò mọ ilé rẹ. O ti ń rọ nǹkan sínú rẹ̀ tipẹ́, ó sì ti ń rẹ̀ ọ́. Fọ̀ ọ́, kí o fi gba epo. Gbé páálí rẹ sórí tábìlì, kí o dojú àwòrán rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fún wọn ní oúnjẹ.