Ọkọ̀ Àjàgbé àti Èèpo Igi Àwẹ̀ró

Ìyá Àwẹ̀ró kò lè yí ọrùn mọ́. Bí ẹnìkan bá pè é láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ni ó fi ń yí. Igi tí ó ti ń rù láti ìgbà èwe ni ó sọ ọrùn náà dà bẹ́ẹ̀. Aṣẹ́gità ni, òun àti Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún un, ni wọ́n sì jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Igbó tí wọ́n ti ń ṣẹ́gi wà ní òdìkejì odò, ọjà wà ní ìhà ìhín. Àwọn ọlọ́kọ̀ kì í fẹ́ gbé igi, wọ́n ní ó ń ha ọkọ̀ lára. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni ìyá àti ọmọ fi ń yí odò po títí wọn yóò fi dé ibi tí omi ti mọ ní orúnkún. Bí wọ́n bá fi máa délé, oúnjẹ gan-an a ti sú wọn í jẹ.

Ní etí omi, ọkọ̀ ògbólógbòó kan wà tí ó dojú dé inú ẹrọ̀fọ̀. Akàn ti fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ilé. Baba Àjàgbé, apẹja tí agbára rẹ̀ ti ń tán lọ, ni ó ni ín. Ní ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣubú tòun ti ẹrù igi lórí, Àwẹ̀ró gba ọ̀dọ̀ baba náà lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ náà.

Baba dá owó lé e bí ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ tuntun. Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣàánú òun. Ó ní ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti là kò yàtọ̀ sí igi ìdáná, igi ìdáná sì ni òun ń tà, òun mọ iye tí wọ́n ń tà á. Baba Àjàgbé kò bínú. Ó wo ọkọ̀ náà pẹ́.

"Èmi náà ti là, ọmọ mi," ni ó wí. "Ṣé wọ́n ti fi mí dáná ni?"

 Àwẹ̀ró tún yọwó, baba sì mi orí. Ó fi díẹ̀ kún un, baba ní ọkọ̀ yìí ni òun fi tọ́ gbogbo ọmọ òun. Nígbà tí kò sí ohun tí ó tún lè fi kún un, Àwẹ̀ró sọ òtítọ́: owó kò sí lọ́wọ́ òun mọ́, igi ni òun ní. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé yóò máa gbé igi wá fún ìyàwó baba, tí ó ń yan ẹja, títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó mí kanlẹ̀. "Iṣẹ́ lo rà kún iṣẹ́ yìí, Àwẹ̀ró."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Igi tí wọ́n ń rù di ìlọ́po. Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ọkọ̀ náà, ó ní kí ó lọ wá pákó àti owó iṣẹ́ wá. Àwẹ̀ró kò ní èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n èèpo igi pọ̀ nílé wọn, ohun tí gbogbo ènìyàn ń gbá dànù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á jọ. Ó ń gún un títí yóò fi rí bí òwú, ó ń fi oje igi pò ó, ó sì ń fi ọ̀bẹ kì í bọ ibi tí ọkọ̀ ti là. Bí ó bá ti ọkọ̀ sómi, omi a tún wọlé. Àwẹ̀ró a tú u, a tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin etí odò ń fi í rẹ́rìn-ín pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó ìlẹ̀kẹ̀ pamọ́, òun ń kó èèpo igi.  Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kí ó bá ènìyàn jà lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, òtútù sì mú ìyá rẹ̀. Gbogbo igi gbígbẹ ti lọ sí ilé Baba Àjàgbé. Ìyá rí apẹ̀rẹ̀ èèpo igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ rẹ̀, ó sì dà á sínú ààrò. Iná ti ràn nígbà tí Àwẹ̀ró wọlé.  Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ iná, ó ń wọ́ èèpo náà jáde, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ iná orí rẹ̀ pa.

Baba Àjàgbé wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gbé igi wá nínú òjò. Ó rò pé ohun iyebíye kan ni ó ń jóná.

"Kí ló wà níbẹ̀ tó tó báyìí?"

"Èèpo igi ni, Baba," ni Àwẹ̀ró wí, ó na ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti bó sínú òjò. "Òun ni mo ní."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Baba jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí òjò dá, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé èèpo tí ó ṣẹ́kù dé etí omi, nítorí ọwọ́ Àwẹ̀ró kò lè mú ọ̀bẹ. Ọmọbìnrin náà ń júwe ibi tí omi ń gbà, baba ń ki èèpo bọ̀ ọ́. Kò dárí gbèsè igi tí ó kù jì í, Àwẹ̀ró náà kò sì bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọkọ̀ náà gbé igi sọdá odò. Omi ṣì ń jò wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwẹ̀ró a tukọ̀ lọ, a dúró, a fi igbá gbọ́n ọn dànù. Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú, kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó dé agbedeméjì odò, ó ti sùn lọ.

Àwọn obìnrin etí odò tún fẹ́ fi ọkọ̀ eléèpo igi náà ṣe yẹ̀yẹ́. Baba Àjàgbé sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ òjò náà fún wọn, wọ́n sì panu mọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kúrò ní èbúté, ó wọ ọjà, ó dé ìlú tí kò mọ Àwẹ̀ró rí; òun ni àwọn àgbà ń rántí tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé: ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.